Ẹ béèrè ìwé kí ẹ tó la ẹnu: ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ nídìí ẹjọ́ ojú pópó

Ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ̀ nínú iṣẹ́ lọ́yà, ẹjọ́ ojú pópó ni wọ́n sábà máa ń kọ́kọ́ gbé lé yín lọ́wọ́, torí àwọn àgbà kà á sí ẹjọ́ kékeré. Èmi náà kà á sí kékeré nígbà kan. Bẹ́ẹ̀, ibẹ̀ gan-an ni irọ́ ti rọrùn jù fún ọlọ́pàá tó bá fẹ́ parọ́. Òun ló dá ọkọ̀ dúró, òun ló kọ ìwé, òun náà ló tún máa wá jẹ́rìí. Ọ̀pọ̀ awakọ̀ kì í sì í jiyàn rárá. Wọ́n á sanwó ìtanràn, wọ́n á bá tiwọn lọ, torí owó lọ́yà ju owó ìtanràn lọ.

Ẹjọ́ tó là mí lójú rèé. Wọ́n ní oníbàárà mi, ìyá àgbàlagbà kan, kò dúró nígbà tí iná pupa tàn. Ìyá ní òun dúró. Mo dìde nílé ẹjọ́, mo kọjú sí ọlọ́pàá náà, mo ní, "Irọ́ lo ń pa!" Adájọ́ bá mi wí. Ọlọ́pàá rọra fèsì bí ọmọlúàbí, a sì jẹ̀bi.

Ọ̀gá mi kò bínú. Ó ní kí n lọ gba gbogbo ìwé ìtanràn tí ọlọ́pàá yẹn kọ lọ́jọ́ náà. Nígbà tí wọ́n dé, mo tò wọ́n sórí tábìlì bí aago ṣe tẹ̀lé ara wọn. Ti ìyá jẹ́ aago 2:52 ọ̀sán. Èyí tó tẹ̀ lé e jẹ́ 2:56, ní oríta mìíràn tó fi kìlómítà 11 jìnnà sí ti àkọ́kọ́. Ọwọ́ kan náà ló kọ méjèèjì. Mo jókòó, mo ń wò wọ́n, ojú ń tì mí. A pẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn, wọ́n sì dá ìyá láre.

Láti ọjọ́ náà, n kì í la ẹnu kí n tó rí ìwé. Ẹ béèrè ohun tí ọlọ́pàá kọ sínú ìwé ọwọ́ rẹ̀, fídíò kámẹ́rà àyà rẹ̀ àti ti ọkọ̀ rẹ̀, àkọsílẹ̀ ọ̀rọ̀ tó sọ lórí rédíò, àti ìwé tó fi hàn ìgbà tí wọ́n yẹ ẹ̀rọ tó ń wọn eré ọkọ̀ wò gbẹ̀yìn. Ẹ tètè béèrè fídíò, torí wọn kì í tọ́jú rẹ̀ títí láé.

Ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Ireland. Àwọn ọlọ́pàá ibẹ̀ kọ ọ́ sílẹ̀ pé láti oṣù Kọkànlá ọdún 2011 sí oṣù Kẹwàá ọdún 2016, ìgbà 1,995,369 ni àwọn ní kí awakọ̀ fẹ́ atẹ́gùn sínú ẹ̀rọ, láti mọ̀ bóyá ó ti mutí. Òǹkà inú àwọn ẹ̀rọ náà ní 1,058,157 ni. Lọ́dún 2017, gbogbo ayé gbọ́. Kò sí ariwo kankan tó lè ṣe ohun tí òǹkà méjì yẹn ṣe.

Òfin náà ti là ọ̀nà láwọn ibì kan. Ní Amẹ́ríkà, ẹjọ́ Brady ti ọdún 1963 àti Giglio ti 1972 sọ ọ́ di dandan kí agbẹjọ́rò ìjọba fi ohun tó lè gbe olùjẹ́jọ́ hàn án, títí kan ohun tó lè mú kí ẹ̀rí ẹlẹ́rìí ìjọba mẹ́hẹ. Ní Kánádà, ẹjọ́ McNeil ti 2009 sọ pé kí wọ́n fi ìwé ìbáwí ọlọ́pàá náà han olùjẹ́jọ́, bí ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ bá kan ẹjọ́ náà.

Àmọ́ ẹ jọ̀ọ́, àṣìṣe kì í ṣe irọ́. Ẹni tó dá ogún ọkọ̀ dúró lóòjọ́ lè ṣi àwọ̀ ọkọ̀ pè. Ohun tí mo máa ń wò ni pé, ṣé ìgbà gbogbo ni àṣìṣe náà ń gbe ọlọ́pàá náà fúnra rẹ̀? Ṣé irú àṣìṣe kan náà ló ń ṣẹlẹ̀ léraléra? Bí ẹ bá sì fẹ́ bi í léèrè, ẹ jẹ́ kó kọ́kọ́ fẹnu ara rẹ̀ sọ aago, ibi tó dúró sí, àti bó ṣe pẹ́ tó níbẹ̀. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ wá fi ìwé hàn án. Ẹni tó bá ti rí ìwé ṣáájú á wá àlàyé.

Èyí tó wà lọ́kàn mi jù ni mo fi sílẹ̀ dìgbà yìí. Lẹ́yìn tí ìyá yẹn borí, inú wa dùn, a lọ sílé. Mi ò kọ ìwé ẹ̀sùn sí ọ̀gá ọlọ́pàá náà, mi ò sì fi ẹ̀dà kan ránṣẹ́ sí agbẹjọ́rò ìjọba kó lè wà nínú fáìlì. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, ọlọ́pàá kan náà jẹ́rìí lòdì sí ọmọkùnrin kan tó ń fi ọkọ̀ kó ẹrù jẹun. Wọ́n gba ìwé àṣẹ ìwakọ̀ rẹ̀, iṣẹ́ sì bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Lọ́yà rẹ̀ kò mọ nǹkan kan nípa 2:52 àti 2:56. Alẹ́ ọjọ́ tí mo gbọ́ ni mo kọ ìwé ẹ̀sùn náà.