Ẹ̀kọ́ tí a kọ́ nípa fífi AI wá owó fún ẹgbẹ́ aláàánú

Ẹ̀yin àbúrò wa tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ iṣẹ́ ìkówójọ ní ẹgbẹ́ aláàánú, ẹ ó máa gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn ọ̀gá yín pé kẹ́ ẹ fi AI, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń kọ̀wé tó sì ń dáhùn ìbéèrè bí èèyàn, ṣe é kó lè yá. Kò burú. Iṣẹ́ pọ̀, ọwọ́ ò tó, ọjọ́ tí wọ́n dá fún ìwé ìbéèrè owó kì í sì í sún. Àmọ́ orí ìgbẹ́kẹ̀lé ni owó tí à ń wá yìí jókòó lé. Ẹni tó fi ₦5,000 ránṣẹ́ láti Ìbàdàn kò rí ọmọ tí wọ́n fi owó náà ra ìwé fún. Ọ̀rọ̀ ẹnu wa ló gbà gbọ́. Nítorí náà, gbogbo gbólóhùn tó bá jáde lórúkọ ẹgbẹ́ gbọ́dọ̀ ní ẹni tó lè gbé ẹ̀rí rẹ̀ kalẹ̀. Ẹ̀rọ ò lè gbé e kalẹ̀, ẹ̀yin ni wọ́n máa bi.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ látorí ìwé ìbéèrè owó, torí ibẹ̀ ni wọ́n ti ń lo AI jù. Ẹ̀rọ bíi ChatGPT kì í ṣí kọ́bọ́ọ̀dù yín wo ìwé. Ohun tó ń ṣe ni pé ó ń ṣírò ọ̀rọ̀ tó sábà máa ń tẹ̀ lé èyí tó ti wà nílẹ̀. Tẹ́ ẹ bá ní kó kọ̀wé lórí ẹ̀kọ́ àwọn ọmọbìnrin ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, tẹ́ ẹ ò sì fún un ní nǹkan kan dì mú, ó lè fi iye tó dùn létí dí àlàfo, kó sì dárúkọ ìwádìí tí ẹnikẹ́ni ò ṣe rí. Ohùn kan náà ló fi ń sọ òótọ́ àti irọ́, ìdí nìyẹn tó fi ṣòro láti dá a mọ̀.

Kẹ́ ẹ tó ṣí i rárá, ẹ ṣe ojú ìwé òótọ́ kan. Kọ́lọ́ọ̀mù mẹ́rin tó: ọ̀rọ̀ náà, ibi tó ti wá, ọjọ́ tí wọ́n kọ ọ́, ẹni tó yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ fún ìlà kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà. Ká sọ pé ẹgbẹ́ yín ń kọ́ àwọn ọmọbìnrin níṣẹ́ aránṣọ. Ìlà 1: ọmọbìnrin 120 ló forúkọ sílẹ̀, ìwé ìforúkọsílẹ̀ jẹ́rìí sí i. Ìlà 2: 87 ló parí, ìwé tí wọ́n buwọ́ lù lọ́jọ́ ìkẹyìn jẹ́rìí sí i. Ìlà 3: ohun èlò ẹnì kan jẹ́ ₦18,500, rìsíìtì wà. Ẹ wá kó ojú ìwé yìí fún ẹ̀rọ, kẹ́ ẹ sọ fún un pé kò gbọ́dọ̀ lo iye kankan tí kò sí níbẹ̀, àti pé níbi tí ọ̀rọ̀ ò bá ti tó, kó kọ "Ẹ FI KÚN UN" síbẹ̀.

Pẹ̀lú gbogbo ìkìlọ̀ yẹn, ó ṣì lè kọ ọ́ pé àwọn ọmọbìnrin 120 ló parí ẹ̀kọ́. 87 nínú 120 jẹ́ ìdá 72.5 nínú ọgọ́rùn-ún. Ó lè sọ ọ́ di "ó lé ní ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin", irọ́ sì nìyẹn. "Àwọn ìyá kan sọ" a di "ọ̀pọ̀ jù lọ àwọn ìyá sọ". Nítorí náà, ẹ tẹ ìwé náà jáde, ẹ mú báírò pupa, ẹ fa ìlà yí gbogbo iye, orúkọ èèyàn, orúkọ ìlú, àti ọ̀rọ̀ bíi "gbogbo", "àkọ́kọ́" àti "ọ̀pọ̀ jù lọ" ká. Ẹ kọ nọ́ńbà ìlà tó ti wá láti ojú ìwé òótọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan. Èyí tí kò bá ní nọ́ńbà, ẹ yọ ọ́. Kí ẹni tó yẹ̀ ẹ́ wò yàtọ̀ sí ẹni tó kọ ọ́, torí ojú tó ti ka ìwé kan léraléra a máa fo àṣìṣe.

Ní ti bọ́jẹ́ẹ̀tì, Excel ni kẹ́ ẹ fi ṣe é. 120 lọ́nà ₦18,500 jẹ́ ₦2,220,000. Tí iye ọmọ bá di 100, Excel á yí àpapọ̀ rẹ̀ padà fúnra rẹ̀. Ẹ̀rọ AI lè tún ìlà kan ṣe kó sì fi àpapọ̀ àtijọ́ sílẹ̀ lójú ewé mìíràn.

Ẹ ka òfin ẹni tó fẹ́ fún yín lówó. National Institutes of Health, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń fowó ti ìwádìí ìlera lẹ́yìn, fún àpẹẹrẹ, ti sọ pé láti ọjọ́ 25 Oṣù Kẹsàn-án 2025, àwọn ò ní gba ìwé ìbéèrè owó tó jẹ́ pé AI ló kọ èyí tó pọ̀ nínú rẹ̀. Bí òfin wọn ò bá yé yín, ẹ kọ̀wé béèrè kí ọjọ́ tó pé, kẹ́ ẹ sì tọ́jú èsì wọn.

Àkọsílẹ̀ àwọn olóore ni kẹ́ ẹ fi ìṣọ́ra tó ga jù lọ mú. Ẹni tó fẹ́ mọ àwọn tó yẹ kí wọ́n tún kọ̀wé sí kàn máa ń gbé odindi fáìlì Excel jù sínú ẹ̀rọ: orúkọ, fóònù, nọ́ńbà àkáǹtì, iye tí wọ́n fi sílẹ̀, àní ṣọ́ọ̀ṣì tàbí mọ́ṣáláṣí tí wọ́n ń lọ. Òfin Ìdáàbòbò Détà Nàìjíríà, tí ààrẹ buwọ́ lù ní Oṣù Kẹfà 2023, de ẹgbẹ́ aláàánú gẹ́gẹ́ bó ṣe de báńkì. Ẹ̀sìn, ẹ̀yà àti ìlera wà lára ohun tí òfin náà fún ní ààbò tó le ju ti ìyókù lọ. Ẹgbẹ́ tó ń tọ́jú àwọn tó ní kòkòrò HIV gbọ́dọ̀ mọ ìyẹn dáadáa, torí ẹni tí orúkọ rẹ̀ bá jáde níbẹ̀ lè pàdánù iṣẹ́ àti ilé.

Bẹ́ ẹ ṣe máa ṣe é nìyí. Ẹ ṣí fáìlì tuntun, ẹ má ṣe àdàkọ ti àtijọ́. Ìdí ni pé kọ́lọ́ọ̀mù tẹ́ ẹ bá fi pamọ́ nínú Excel ò kúrò níbẹ̀; ojú yín nìkan ni kò rí i, ẹ̀rọ máa kà á. Ẹ lẹ ohun tó wà nínú kọ́lọ́ọ̀mù tẹ́ ẹ nílò nìkan mọ́ fáìlì tuntun náà. Dípò orúkọ, ẹ fún olúkúlùkù ní àmì bíi OL001, OL002. Ìwé tó so àmì pọ̀ mọ́ orúkọ gbọ́dọ̀ wà lọ́tọ̀, pẹ̀lú páásíwọ́ọ̀dù, kó má sì kọjá ọwọ́ ẹni méjì. Ẹ yọ ọjọ́, ẹ fi oṣù sílẹ̀. Ẹ sọ iye owó di ìsọ̀rí: tí kò tó ₦10,000, láti ₦10,000 dé ₦50,000, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Lẹ́yìn náà, ẹ ka iye èèyàn tó wà ní ìsọ̀rí kọ̀ọ̀kan nínú ìlú kọ̀ọ̀kan. Bó bá jẹ́ ẹnì kan péré ló ń fi owó tó lé ní mílíọ̀nù kan ránṣẹ́ láti Ìkirè, gbogbo Ìkirè ló mọ̀ ọ́n, yálà ẹ kọ orúkọ rẹ̀ àbí ẹ ò kọ ọ́. Ìsọ̀rí tí kò bá ní tó èèyàn márùn-ún, ẹ dà á pọ̀ mọ́ òmíràn.

Ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ní Oṣù Kejìlá 2016, àjọ tó ń mójú tó détà níbẹ̀ bu owó ìtanràn lé ẹgbẹ́ aláàánú ńlá méjì: RSPCA, tó ń dáàbò bo ẹranko, san £25,000; British Heart Foundation, tó ń gbógun ti àrùn ọkàn, san £18,000. Lára ẹ̀sùn wọn ni pé wọ́n ní kí ilé iṣẹ́ mìíràn ṣèwádìí bí àwọn olóore wọn ṣe lówó tó, kí wọ́n lè mọ ẹni tí wọ́n máa béèrè púpọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, láìjẹ́ kí àwọn olóore náà mọ̀. Ẹgbẹ́ mọ́kànlá mìíràn tún jìyà irú rẹ̀ ní 2017. AI ti wá mú kí irú ìwádìí bẹ́ẹ̀ rọrùn débi pé ọmọ iṣẹ́ kan lè ṣe é láàárín ìṣẹ́jú mélòó kan, láìsọ fún ọ̀gá kankan. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ fi ẹ̀rọ to àwọn olóore lẹ́sẹẹsẹ, láti ẹni tó ṣeé ṣe jù kó fún yín lówó dé ẹni tó ṣeé ṣe kéré jù, ẹ kọ ọ́ sínú ìwé ìlànà tẹ́ ẹ fi ń gba détà wọn, kẹ́ ẹ sì fún wọn láyè láti kọ̀ ọ́.

Ìtòlẹ́sẹẹsẹ náà ní àléébù mìíràn. Ohun tó ti ṣẹlẹ̀ sẹ́yìn ni ẹ̀rọ fi ń kọ́ ẹ̀kọ́, ìyẹn àwọn tẹ́ ẹ ti kọ̀wé sí tí wọ́n sì fún yín lówó. Ìyá ọlọ́jà tó ń fi owó ránṣẹ́ lọ́dọ̀ oní-POS, tí orúkọ ṣọ́ọ̀bù jáde nínú àlátì lónìí, tí orúkọ ọmọ rẹ̀ jáde lóṣù tó ń bọ̀, lójú ẹ̀rọ ó jẹ́ ẹni méjì tí kò dúró déédéé. Ìsàlẹ̀ ni yóò tò ó sí. Ẹ kọ́kọ́ so àwọn orúkọ tó jẹ́ ti ẹnì kan pọ̀. Ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta, ẹ mú ogún èèyàn láti ìsàlẹ̀ ìtòlẹ́sẹẹsẹ náà, kẹ́ ẹ pè wọ́n lórí fóònù, kẹ́ ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, kẹ́ ẹ má sì béèrè owó. Ẹ ó mọ ibi tí ẹ̀rọ ti ṣì wọ́n gbé.

Ẹ má fi AI ya àwòrán ẹni tẹ́ ẹ ń ràn lọ́wọ́. Lọ́dún 2023, Amnesty International, ẹgbẹ́ tó ń jà fún ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn, gbé àwòrán tí AI yà jáde nípa ìfẹ̀hónúhàn ọdún 2021 ní Colombia. Wọ́n ní àwọn ò fẹ́ kí ojú àwọn tó fẹ̀hónú hàn hàn síta, èrò yẹn dára, ṣùgbọ́n àwọn èèyàn rí i pé àwọ̀ àsíá Colombia tó wà níbẹ̀ kò tò bó ṣe yẹ. Amnesty yọ àwọn àwòrán náà kúrò. Ẹni tó rí àsíá èké yóò bẹ̀rẹ̀ sí í ṣiyèméjì nípa ìyà tó jẹ́ òótọ́. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ bo ẹnì kan láṣìírí, ẹ fi kámẹ́rà ya àwòrán ọwọ́ rẹ̀ lórí ẹ̀rọ ìránṣọ, tàbí ti ẹ̀yìn rẹ̀, lẹ́yìn tó bá ti fọwọ́ sí i. Bẹ́ẹ̀ náà ni ìtàn: ẹ má jẹ́ kí ẹ̀rọ da ìtàn ẹni mẹ́ta pọ̀ di ẹyọ kan, kẹ́ ẹ wá fún un ní orúkọ bí ẹni pé ẹni gidi ni.

Ẹ̀rọ tó ń dáhùn lórí WhatsApp gbọ́dọ̀ sọ níbẹ̀rẹ̀ pé ẹ̀rọ lòun, kó sì ní ọ̀nà tí èèyàn fi lè bá èèyàn sọ̀rọ̀. Kò gbọ́dọ̀ kọ nọ́ńbà àkáǹtì fúnra rẹ̀ láéláé. Ẹ tọ́jú nọ́ńbà náà sínú èsì tí kò yí padà, torí nọ́ńbà kan ṣoṣo tó yí lè gbé owó lọ sínú àkáǹtì ẹlòmíì.

Kẹ́ ẹ tó sanwó fún ohun èlò AI kankan, ẹ gba ìdáhùn sí ìbéèrè mẹ́rin lórí ìwé: ṣé wọ́n ń fi détà wa kọ́ ẹ̀rọ wọn, ibo ni détà náà ń gbé, ọjọ́ mélòó ni wọ́n fi ń pa á rẹ́ tá a bá kúrò, àti pé bí olè bá wọlé, ìgbà wo la máa gbọ́. Ti ìkẹrin yẹn ló dùn wá jù. Lọ́dún 2020, àwọn ọ̀daràn wọ inú ẹ̀rọ Blackbaud, ilé iṣẹ́ Amẹ́ríkà tó ń tọ́jú àkọsílẹ̀ olóore, wọ́n sì wà níbẹ̀ láti Oṣù Kejì dé Oṣù Karùn-ún. Oṣù Keje ni àwọn oníbàárà tó gbọ́, wọ́n sì lé ní 13,000. Ní 2023, ilé iṣẹ́ náà gbà láti san $49.5 mílíọ̀nù fún ìpínlẹ̀ 49 àti Washington tó jẹ́ olú ìlú Amẹ́ríkà. Lábẹ́ òfin Nàìjíríà, bí jíjò détà bá lè pa àwọn èèyàn lára, wákàtí 72 péré lẹ ní láti sọ fún NDPC, àjọ ìjọba tó ń mójú tó détà ní Nàìjíríà, látìgbà tẹ́ ẹ bá ti mọ̀. Tí ẹni tẹ́ ẹ fi détà sí lọ́wọ́ bá dákẹ́ fún oṣù méjì, kò sí bẹ́ ẹ ṣe máa lè sọ fún àwọn olóore yín lásìkò.

Bí àṣìṣe bá ti jáde, tí 120 ti lọ síta dípò 87, ẹ fi àtúnṣe ránṣẹ́ lọ́jọ́ náà gan-an, sí àwọn kan náà, lójú ọ̀nà kan náà tí àkọ́kọ́ gbà. Ẹ kọ iye tó tọ̀nà sí ìlà àkọ́kọ́, kẹ́ ẹ sọ ibi tó ti wá, kí ẹnì kan nínú yín sì fi orúkọ àti nọ́ńbà fóònù rẹ̀ sí i.