Káàdì Tí Aáyán Jẹ Ìdajì Rẹ̀

Ẹ̀gbọ́n mi tó ń gbé ní Peckham, ní London, ló fa gbogbo wàhálà yìí. Lọ́jọ́ kan lọ́dún tó kọjá, mo fi fọ́tò 14 ránṣẹ́ sí i lórí WhatsApp lẹ́ẹ̀kan náà, ìró àti bùbá tí mo rán fún ìyàwó ọ̀ṣìngín kan. Mo ya iwájú, mo ya ẹ̀yìn, mo ya ọwọ́, mo tiẹ̀ yí inú aṣọ síta kó lè rí bí etí ẹ̀ ṣe mọ́ tó. Àtàǹpàkò kan ṣoṣo ló fi dá mi lóhùn. Nígbà tó pè mí lálẹ́ ọjọ́ Àìkú, ó ní, "Àbúrò mi, má bínú o. Fọ́tò ti pọ̀ bí eṣú lórí fóònù mi, mi ò mọ èyí tó jẹ́ tìẹ mọ́." Ó dùn mí. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo rò ó wò, èmi náà ò lè sọ ohun tó wà nínú fọ́tò mẹ́ta tí òun fi ránṣẹ́ kẹ́yìn.

Télọ̀ ni mí. Ṣọ́ọ̀bù mi wà ní Òkè-Àdó n'Ìbàdàn, èmi àti ọmọ iṣẹ́ mẹ́ta. Nǹkan tí kì í wọ́n télọ̀ ni àgékù aṣọ. Àpò ìrẹsì méjì ló kún fọ́fọ́ lábẹ́ tábìlì tí mo fi ń gé aṣọ: àǹkárá, léèsì, bùrókéèdì, aṣọ òkè tí kò tó rán fìlà ọmọ ọwọ́. Lálẹ́ ọjọ́ yẹn mo pinnu láti fi wọ́n ṣe pósìkáàdì fún ẹ̀gbọ́n mi: mo fa páálí Indomie kan ya, mo fi rúlà wọ̀n ọ́n, sẹ̀ǹtímítà 15 ní gígùn, 10 ní fífẹ̀. Mo lẹ àgékù aṣọ ìyàwó náà mọ́ ojú kan. Mo fa ìlà sí àárín ojú kejì, àdírẹ́sì lọ́tùn-ún, ọ̀rọ̀ lósì. Gbólóhùn tí mo kọ ò ju ẹyọ kan lọ: "Aṣọ tí o ò ráyè wò nìyí, fọwọ́ kàn án."

Mo wá ṣòfin fún ara mi, kí eré náà lè dùn: yàtọ̀ sí sítáńpù, mi ò gbọdọ̀ ná kọ́bọ̀ lórí káàdì. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi ra gúlù. Mo ro láfún díẹ̀ lórí gáàsì títí tó fi ki bí ẹ̀kọ, mo fi ìka kùn ún sẹ́yìn aṣọ, mo tẹ̀ ẹ́ mọ́ páálí, mo gbé Bíbélì lé e lórí. Ó lẹ̀ pinpin. Mo ṣe márùn-ún lọ́sẹ̀ yẹn, mo kó wọn sínú dúrọ́ọ̀ di ọjọ́ tí màá ráyè dé pósófíìsì. Nígbà tí mo ṣí dúrọ́ọ̀ lọ́jọ́ kẹfà, aáyán ti jẹun yó. Wọn ò fẹnu kan léèsì rárá. Ibi tí láfún bá wà ni wọ́n ti họ páálí, àǹkárá kan sì ti ń ṣí kúrò lára ẹ̀ bí èépá ojú egbò. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ iṣẹ́ mi rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú ẹ̀. Ó ní, "Àǹtí, ẹ se oúnjẹ fún wọn, wọ́n sì jẹ ẹ́."

Mo mú èyí tí wọ́n jẹ ìdajì ẹ̀, mo kọ ọ́ sí i pé, "Aáyán Òkè-Àdó ní kí n kí ọ," mo sì mú un lọ.

Mi ò ní dárúkọ pósófíìsì tí mo lọ. Obìnrin tó wà ní káńtà yí káàdì náà síwá sẹ́yìn.

"Mà, ṣé iṣẹ́ ọmọ ilé-ìwé ni?"

"Rárá o. Ẹ̀gbọ́n mi ni mo fẹ́ fi ránṣẹ́ sí."

"Ṣé wọn ò ní fóònù ni?"

Èyí tí aáyán jẹ, ó gbà á. Èyí tí mo rán bọ́tìnnì mọ́, kò gbà á. Ó ní bọ́tìnnì á há sẹ́nu ẹ̀rọ, kí n fi sínú àpòòwé. Mo ní bó bá ti wọ àpòòwé, ó ti di lẹ́tà nìyẹn, kì í ṣe pósìkáàdì mọ́. Ó wò mí bí ẹni ń wo oníbàárà tó ń ná iyọ̀ onínáírà mẹ́wàá. Mo fi eyín já bọ́tìnnì náà níbẹ̀, mo jù ú sínú pọ́ọ̀sì, mo san owó sítáńpù. Ọjọ́ 41 ni káàdì méjèèjì lò kí wọ́n tó dé Peckham. Ẹ̀gbọ́n mi pè mí, kò tiẹ̀ kí mi kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. Èyí tí aáyán jẹ ló lẹ̀ mọ́ ara fíríìjì.

Ohun tó kó mi wọ inú eré yìí pátápátá nìyẹn. Mo yá dáìsì lúdò lọ́wọ́ ọmọ aládùúgbò mi. Lọ́sàn-án Sátidé tí iṣẹ́ bá fúyẹ́, mo ń jáde ní ṣọ́ọ̀bù láìmọ ibi tí mò ń lọ. Tí mo bá dé oríta, mo ń ju dáìsì sí àtẹ́lẹwọ́: 1, 2, 3, mo yà sósì, 4, 5, 6, mo yà sọ́tùn-ún. Oríta kẹfà ni mo ń dúró sí. Ohunkóhun tí mo bá kọjú sí níbẹ̀ ni káàdì ọjọ́ náà, ì báà jẹ́ ààtàn. Ó ti tó ọdún mọ́kàndínlógún tí mo ti ń gbé àdúgbò yìí, àfi ìgbà tí dáìsì ń darí mi ni mo tó mọ̀ pé ẹnì kan ń sin ẹyẹlé lórí dẹ́kìn ilé kejì sí ti ẹni tó ń bá mi lọ aṣọ.

Sátidé àkọ́kọ́, iwájú fọkanáísà kan ni mo bá ara mi.

"Ẹ kú iṣẹ́ o."

"Ẹ ṣé, Mà. Táyà yín ló jò ni?"

"Mi ò ní mọ́tò. Ojú táyà ni mo fẹ́ mú lọ."

Ó dákẹ́, ó ń wò mí. Mo tẹ́ páálí lé táyà tírélà kan, mo fi ṣọ́ọ̀kì tí mo fi ń sàmì sáṣọ pa á lórí. Kò hàn dáadáa, páálí ti nípọn jù. Ó wò ó fún ìgbà díẹ̀, ó ní, "Èyí ò lè hàn, Mà. Ẹ mú un wá." Ó fa táyà ọ̀kadà kan tó ti gbó yọ nínú òkìtì, ó fi àkísà kun óìlì ẹ́ńjìnnì tó ti dúdú sí i lára, ó tẹ́ páálí mi sílẹ̀ lórí sìmẹ́ńtì, ó yí táyà náà gba orí ẹ̀ kọjá lẹ́ẹ̀kan péré. Ojú táyà jáde ketekete, bí egungun ẹja tí wọ́n ti jẹ ẹran ara ẹ̀ tán. Òun fúnra ẹ̀ tẹ orí ba, ó wò ó pẹ́. Lẹ́yìn náà ló bi mí pé èló ni wọ́n ń ra èyí nílùú òyìnbó. Mo ní wọn kì í rà á, mò ń fi ránṣẹ́ lásán ni. Ó mi orí. Àmọ́ nígbà tí mo tún gba ibẹ̀ kọjá lọ́sẹ̀ kejì, ó ti fi táyà mẹ́ta pa mọ́ dè mí.

Àwọ̀ tí mò ń kùn, ilé ìdáná ló ti ń wá. Àwọn ọmọ iṣẹ́ mi fẹ́ràn sóbò, ìdọ̀tí ẹ̀ kì í sì í tán nínú kẹ́tùrù. Mo fi omi ìṣápá pupa kun páálí funfun inú àpótí bàtà, ó ní àwọ̀ elésè àlùkò. Mo kán ọsàn wẹ́wẹ́ sí apá kan, ó pọ́n fòò. Mo rẹ káún sínú omi, mo kán an sí apá kejì: ó di búlúù, kí a tó ṣẹ́jú pẹ́, ó ti ń lọ sí àwọ̀ ewé. Àwọn ọmọ náà pa iṣẹ́ tì, wọ́n yí mi ká. A mú atalẹ̀ pupa, ó yọ àwọ̀ bí ẹyin adìyẹ ìbílẹ̀. A kán káún sí i, ó ṣú bí osùn. Èyí tó ti ka sáyẹ́ǹsì ní sẹ́kọ́ńdírì ló ṣàlàyé fún mi pé ọsàn ní ásíìdì, káún ni òdì ẹ̀, àwọ̀ inú ìṣápá sì ń yí padà bó bá bá èyíkéyìí nínú wọn pàdé. Ó ní irú ẹ̀ ni wọ́n fi litmus, bébà tó ń pàwọ̀ dà tó bá kan ásíìdì, ṣe fún àwọn ní ilé-ìwé, tí kò yé òun nígbà yẹn. Kí ẹ má bàa rò pé mo ti di ọ̀jọ̀gbọ́n, káàdì yẹn ti pàwọ̀ dà di eérú kó tó dé Peckham. Ẹ̀gbọ́n mi ní òun rò pé tíì ni mo dà sí i.

Mo kà á níbì kan pé ọjọ́ kìíní oṣù kẹwàá ọdún 1869 ni ìjọba Austria òun Hungary kọ́kọ́ gbé pósìkáàdì jáde. Páálí pélébé lásán ni, kò sí àwòrán kankan lára ẹ̀. Mi ò lè gbàgbé déètì náà nítorí ọjọ́ òmìnira tiwa ni, bó tilẹ̀ jẹ́ pé 1960 ni tiwa. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo ń kà á, bàbá wa ló wá sí mi lọ́kàn. Olùkọ́ ni wọ́n kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì. Lálẹ́ tí iná bá lọ, wọ́n a máa sọ̀rọ̀ àrokò, ìyẹn fífi nǹkan ránṣẹ́ dípò ọ̀rọ̀, fún èmi àti ẹ̀gbọ́n mi. Wọ́n ní owó ẹyọ méjì tí wọ́n so ní ẹ̀yìn kọ ẹ̀yìn, ìjà ló dé. Bó bá jẹ́ ojú kọ ojú, mo fẹ́ rí ọ ni. Mẹ́fà lórí okùn, ẹ̀fà: ọkàn mi fà sí ọ. Ẹni tó bá gbà á tó sì fẹ́, á dá mẹ́jọ padà, ẹ̀jọ: ọ̀rọ̀ wa jọ. A ò ní owó ẹyọ nílé, ni a bá ń fi bọ́tìnnì ìyá wa ṣe é. Bí ẹ̀gbọ́n mi bá bínú sí mi, màá bá bọ́tìnnì méjì tí wọ́n fi òwú so ní ẹ̀yìn kọ ẹ̀yìn nínú bàtà ilé-ìwé mi láàárọ̀. Ó tó ọgbọ̀n ọdún tí mi ò ti rántí ẹ̀.

Ní oṣù kejì ọdún yìí, mo fẹ́ kí dáìsì mú mi kúrò n'Ìbàdàn. Mo lọ sí Mọ́níyà, níbi tí ọkọ̀ ojú irin Èkó ti ń gbéra. Ojú irin náà jẹ́ kìlómítà 157, ó sì ti ń gbé èrò láti oṣù kẹfà ọdún 2021. Bó bá bọ́ sí 1, 3 tàbí 5, Abẹ́òkúta. Bó bá bọ́ sí 2, 4 tàbí 6, Èkó. Ọkùnrin tó wà lẹ́yìn mi lórí ìlà rò pé tẹ́tẹ́ ni mò ń ta, ó ní kí n mú nọ́ńbà kan fún òun náà. 3 ló bọ́ sí.

Nínú ọkọ̀, mo gbé páálí lé itan, mo fi bírò kàn án, mo sì ń wo ìta láìbojú wo ọwọ́ mi. Bírò ò gbọdọ̀ kúrò lórí páálí títí ọkọ̀ á fi dúró. Ọ̀pẹ, òrùlé, ọ̀pẹ, obìnrin kan tó gbé igi ìdáná rù, ọ̀pẹ. Ibi tí ọkọ̀ ti gbọ̀n ni ìlà náà ti gbọ̀n. Kò sẹ́ni tó lè mọ̀ pé ọ̀pẹ ni, àmọ́ mo fẹ́ràn ẹ̀ ju gbogbo káàdì aláwòrán dídán tí mo ti rí ní pápákọ̀ òfurufú lọ.

Mo sọ̀kalẹ̀ ní ibùdókọ̀ Wọlé Ṣóyínká, mo wọ kẹ̀kẹ́ lọ sí Ìtòkú, ọjà àdìrẹ Abẹ́òkúta. Ìyá alàdìrẹ kan ní aṣọ Ìbàdàndùn lórí àtẹ. Òpó gbọ̀ngàn Màpó, tí wọ́n ṣí ní 1929, ló tò lọ lára ẹ̀, tí ṣíbí sì wà láàárín òpó àti òpó. Mo ti rán aṣọ yìí fún oníbàárà láìmọye ìgbà. Ọjọ́ yẹn ni mo tó rí i pé káàdì ni: obìnrin kan rí ohun kan nílùú, ó fi ìyẹ́ adìyẹ àti ẹ̀kọ láfún yà á, ó rẹ ẹ́ sínú aró, aṣọ náà sì ń rìn kiri. Mo sọ ọ̀rọ̀ aáyán fún Màmá. Wọ́n rẹ́rìn-ín.

"Láfún nìkan lo lò? Ọmọ mi, a máa ń fi álọ́ọ̀mù sí i."

Mo ra ọ̀pá méjì fún iṣẹ́ ṣọ́ọ̀bù, wọ́n sì wé álọ́ọ̀mù bí ẹyin àdàbà sínú ọ̀rá, wọ́n fi ṣe ẹ̀ènì fún mi. Òfin mi ò bàjẹ́. Aáyán ò tíì padà wá. Bóyá álọ́ọ̀mù ni, bóyá torí pé inú agolo mílíìkì ni mò ń kó káàdì sí báyìí ni.

Lọ́jọ́bọ̀ tó kọjá, akọ̀wé ṣọ́ọ̀ṣì wa gbé àpòòwé kan wá sí ṣọ́ọ̀bù, torí àpótí ìfìwéránṣẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì ni mo ń lò. Páálí tíì ló wà nínú ẹ̀, ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ ò gún, ó hàn pé ẹni tó gé e ò mọ sísọ́ọ̀sì í dì mú. Kò sí ọ̀rọ̀ kankan lára ẹ̀. Bọ́tìnnì ló wà níbẹ̀, wọ́n rán wọn mọ́ ọn ní ìlà kan, òwú wọn ò bára mu. Mo kà wọ́n lẹ́ẹ̀mejì. Mẹ́fà ni. Èkẹta láti apá òsì, búráùn, oníhò mẹ́rin, ti súẹ́tà ilé-ìwé wa ni. Mi ò mọ bó ṣe rìn dé London.

Mo da agolo bọ́tìnnì sórí tábìlì. Òfin ṣì ni òfin: èyí tí mo rà fún iṣẹ́ ò sí nínú ẹ̀, àfi èyí tó já sílẹ̀ lára aṣọ àtúnṣe tí ẹnikẹ́ni ò béèrè mọ́. Èyí tí mo fi eyín já ní pósófíìsì ṣì wà nínú pọ́ọ̀sì mi, mo kà á mọ́ ọn. Méje ni gbogbo ẹ̀. Àwọn ọmọ iṣẹ́ mi ti gbé máṣíìnì kúrò níbi ògiri, wọ́n ń gbálẹ̀ abẹ́ ẹ̀.