Màmá ní orin náà ti yá jù

Iṣẹ́ tí mo rò pé n óò fi ìṣẹ́jú márùn-ún ṣe ló gba òru méjì lọ́wọ́ mi.

Ẹ̀gbọ́n ìyá mi, tí gbogbo wa ń pè ní Màmá, ń ṣe ọjọ́ìbí 70 ọdún. Àbúrò mi obìnrin kọ orin tí wọn yóò fi jó wọlé. Yàrá mi n'Íbàdàn la ti gbà á: máíkì kan, kúbùsù méjì tí mo ta sára ògiri, àti kọ̀ǹpútà mi tó ti ń hewú. Ìlù 104 ní ìṣẹ́jú kan, orin ìṣẹ́jú mẹ́ta géérégé. Màmá gbọ́ ọ lórí fóònù, wọ́n ní, "Ó dùn o. Àbí ẹ fẹ́ kí n sáré wọlé ni? Ẹ jẹ́ kó rọra."

Àbúrò mi ti padà s'Ékòó. Mo ní kò sí wàhálà, n óò fà á wálẹ̀ sí 96.

Change Speed ni mo kọ́kọ́ tẹ̀ nínú Audacity, ètò kọ̀ǹpútà tí mo fi ń tún ohùn ṣe. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ lo kásẹ́ẹ̀tì rí, ẹ rántí bí bátìrì rédíò bá fẹ́ kú, tí ohùn olórin á wúwo, táá máa fà? Ohun tó ṣe gan-an nìyẹn. Bí ohùn bá wà ní dò tẹ́lẹ̀, ó ti já kọjá ohùn tì tó wà lábẹ́ rẹ̀. Àbúrò mi wá ń dún bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jí.

Mo dá a padà, mo lo Change Tempo. Mo kọ 104 síbì kan, 96 síbì kejì, ó fúnra rẹ̀ ṣírò ìyípadà náà: -7.692 nínú ọgọ́rùn-ún. Orin di ìṣẹ́jú mẹ́ta àti ìṣẹ́jú àáyá 15, ohùn ò sì yẹ̀. Mo ti fẹ́ kí ara mi kú iṣẹ́ kí n tó fi íápíìsì sétí.

Ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ ń kólòlò! Ibi tó yẹ kó dún "ṣà", "ṣà-ṣà" ló ń dún. Ohun tó fà á ni pé kọ̀ǹpútà a máa gé ohùn wẹ́wẹ́, a sì máa tún àwọn kan pè kí orin lè gùn. Ẹni tó fa ohùn lọ gbọọrọ, ta ni yóò mọ̀ pé wọ́n tún un pè? Ṣùgbọ́n ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀, ẹ̀ẹ̀kan ló ń dún tó sì parí.

Ọpẹ́lọpẹ́ pé mo gba ohùn kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀. Mo fi ohùn àbúrò mi sílẹ̀ bí Change Tempo ṣe ṣe é. Ti ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀, mo padà sí èyí tí n kò tíì fọwọ́ kàn, mo gé e ní ìdún kọ̀ọ̀kan, mo sì tò ó sí ààyè tuntun, ìlù kan sí èkejì jẹ́ ìṣẹ́jú àáyá 0.625. Ìdún 32 péré ni mo tò, mo wá ń dà á kọ títí orin fi parí. Àlàfo díẹ̀ wà láàárín wọn, etí ò gbọ́ ọ.

Gángan ló borí mi. Bí mo bá fà á, á máa sọ̀rọ̀ bí ẹni tó mu ẹmu yó. Bí mo bá gé e, ibi tí onílù ti fún ọṣán pọ̀ tí ohùn ń gòkè lọ ni ọ̀bẹ ń bọ́ sí, ọ̀rọ̀ á sì já sí méjì. Mo pe Bàbá onílù padà. Wọ́n gbọ́ orin náà lẹ́ẹ̀kan, wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní àyè ti wá wà báyìí. Ibi tí wọ́n ti fi ìlù pe orúkọ Màmá tẹ́lẹ̀, wọ́n fi oríkì wọn kún un, kọ̀ǹgọ́ ò sì kánjú rárá.

Màmá ti fọwọ́ sí i. Ibì kan ṣì wà ṣáájú ẹsẹ̀ kejì tí àbúrò mi ti mí sínú, èémí yẹn gùn díẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Èmi nìkan ló ń gbọ́ ọ.