Adobe Adaptive lórí fáìlì RAW: ibi tó ti wúlò àti ibi tí kò yẹ ká ti lò ó

Fáìlì RAW kò ní àwọ̀ tí ojú lè wò nínú. Iye ìmọ́lẹ̀ tó wọ inú kámẹ́rà ló wà níbẹ̀, tí a kọ sílẹ̀ ní nọ́ńbà: ìpele 4,096 lórí kámẹ́rà oní-bit 12, 16,384 lórí oní-bit 14, nígbà tí JPEG ní 256 péré fún àwọ̀ kọ̀ọ̀kan. Profile, ìyẹn ìlànà àwọ̀ àti ìmọ́lẹ̀ tí sọ́fíwéà ń tẹ̀ lé, ló ń sọ àwọn nọ́ńbà yẹn di fọ́tò. Kí ẹ tó fọwọ́ kan slider kankan (ọ̀pá tí a ń fà láti ṣàtúnṣe), profile ti pinnu púpọ̀ nínú bí iṣẹ́ yín ṣe máa rí, síbẹ̀ ọ̀pọ̀ ayàwòrán kì í kúrò lórí Adobe Color, profile tí wọ́n bá níbẹ̀ nínú Lightroom, sọ́fíwéà Adobe tí a fi ń tún fọ́tò ṣe.

Láti 2018 ni Adobe Color ti wà, ojú kan náà ló sì fi ń wo gbogbo fọ́tò. Ìyàwó tó jókòó lábẹ́ kánópì, àpáta Olúmọ lọ́sàn-án gangan, àdìrẹ tí wọ́n sá sórí okùn: ohun kan náà ló máa ṣe fún wọn. Profile Adobe Adaptive, tó kọ́kọ́ jáde nínú Camera Raw (sọ́fíwéà Adobe mìíràn fún fáìlì RAW) ní oṣù Kẹwàá 2024 kó tó dé Lightroom, ń wo fọ́tò kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀. AI á yẹ ohun tó wà nínú fọ́tò náà wò, á wá pinnu ibi tó yẹ kó mọ́lẹ̀ sí i, ibi tó yẹ kó rẹlẹ̀ àti àwọ̀ tó yẹ kó yí díẹ̀. Iṣẹ́ àwọn irinṣẹ́ ìmọ́lẹ̀ àti àwọ̀ bíi Exposure, Highlights (ibi tó mọ́), Shadows (ibi tó ṣókùnkùn), curve àti Color Mixer ló ń ṣe, ṣùgbọ́n gbogbo slider ṣì wà lórí 0. Àǹfààní ńlá nìyẹn, torí bí Shadows bá ti wà lórí +80 kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, ìwọ̀nba 20 ló kù fún yín láti fi ṣiṣẹ́.

Ẹ má ṣe da profile yìí pọ̀ mọ́ àwọn preset (àtúnṣe tí wọ́n ti ṣètò sílẹ̀) tí wọ́n ń pè ní Adaptive, irú bíi Adaptive: Sky tàbí Adaptive: Subject. Àwọn yẹn ń dá mask sílẹ̀, ìyẹn ohun tó ń ya apá kan fọ́tò sọ́tọ̀ fún àtúnṣe, ẹ sì máa rí mask náà nínú àpò (panel) Masking. Profile kò dá mask kankan.

Ẹ máa rí profile náà nínú Develop, abala àtúnṣe Lightroom Classic, lókè àpò Basic. Ẹ tẹ àmì onígun mẹ́rin kéékèèké mẹ́rin tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ profile, kí ẹ wá abala Adaptive. Ti aláwọ̀ wà, ti dúdú àti funfun náà wà. Bí ẹ ò bá rí i lò, ẹ wò ó bóyá JPEG tàbí TIFF lẹ ṣí. RAW nìkan ló ń ṣiṣẹ́ fún. Slider Amount máa yọ lábẹ́ rẹ̀, láti 0 dé 200, 100 ló sì ti máa ń bẹ̀rẹ̀. Ká sòótọ́, Amount yìí ni iṣẹ́ gan-an. Ẹni tó bá fi í sílẹ̀ lórí 100 fún gbogbo fọ́tò kò tíì lo profile yìí.

White balance, àtúnṣe tó ń mú kí funfun rí funfun, ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ ṣe. Profile kì í yí Temp àti Tint, slider méjì tí a fi ń ṣe é, padà. Bí kánópì aláwọ̀ búlúù bá ti da búlúù sí ojú àlejò, búlúù náà ni AI máa tàn ìmọ́lẹ̀ sí, tí á sì wá hàn ketekete.

Fọ́tò òde ọ̀sán ló ti dáa jù. Ẹ gbé kámẹ́rà gun orí Olúmọ, kẹ́ ẹ ya òrùlé páànù onípẹtà tó lọ salalu títí dé òdò Ògùn. Ojú ọ̀run máa ń funfun báláú, òrùlé á sì ṣókùnkùn. Bí ẹ bá rẹ ìmọ́lẹ̀ kámẹ́rà sílẹ̀ ní ìdá méjì nínú mẹ́ta stop (ìwọ̀n ìmọ́lẹ̀ kámẹ́rà) nígbà tí ẹ ń yà á, kí ojú ọ̀run má baà jó, ìyẹn kó má baà funfun débi tí kò ní sí ohunkóhun nínú rẹ̀ mọ́, Adaptive á dá ìkùukùu padà, á sì gbé pẹtà páànù yọ láìjẹ́ pé ẹ ń bá Highlights àti Shadows wọ̀yá ìjà. Ohun tó ti jó nínú RAW ti jó, AI kò lè jí i dìde. Ẹ tẹ J nínú Lightroom Classic, á fi ibi tó jó hàn yín ní pupa. Lásìkò ọyẹ́, ẹ fi Dehaze, slider tó ń lé kùrukùru, +10 sí +15 kún un, kó má ju bẹ́ẹ̀ lọ. Kẹ́ ẹ sì fa fọ́tò wá sí 100% níbi tí etí àpáta ti pàdé ojú ọ̀run: bí Adaptive àti Dehaze bá jọ le jù, ìlà ìmọ́lẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ kan máa ń yí àpáta náà ká. Tẹ́ ẹ bá rí i, Amount ni kẹ́ ẹ dín kù, ẹ máa bọ̀ sí 60.

Fọ́tò ẹni tó dúró lórí àpáta nírọ̀lẹ́, tí a fẹ́ kó dúdú kirimu níwájú oòrùn tó ń wọ̀, kò bá profile yìí mu rárá. AI rò pé òkùnkùn yẹn nílò ìrànlọ́wọ́. Ẹ padà sí Adobe Color.

Ojú èèyàn ló ń fẹ́ sùúrù jù. Awọ dúdú ní ìjìnlẹ̀ tirẹ̀: iwájú orí ń dán, ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́ ṣókùnkùn, ìyàtọ̀ méjèèjì yìí ló sì ń fún ojú ní ẹwà. Bí AI bá gbé Shadows ojú sókè ju bó ṣe yẹ lọ, ìyàtọ̀ yẹn á tẹ́, awọ á sì rí bíi pé wọ́n ta eérú sí i. Fún ojú dúdú tó gba ìmọ́lẹ̀ dáadáa, Amount 55 sí 70 la máa ń dámọ̀ràn, pẹ̀lú Blacks (slider ibi tó dúdú jù) -8 sí -15. Bó bá jẹ́ ojú nìkan ló bàjẹ́ tí ìyókù fọ́tò dára, ẹ fi Amount sílẹ̀, kí ẹ dá mask People, Face Skin, kí ẹ fa Shadows rẹ̀ sí -10 tàbí -15. Ẹ má fi Clarity, slider tó ń mú kí nǹkan hàn ketekete, ṣe àtúnṣe yìí. Ihò awọ ló máa tú síta. Gèlè tó ń dán àti aṣọ òkè olókùn fàdákà náà máa ń pàdánù dídán wọn, torí AI ń fa ibi tó mọ́ jù sísàlẹ̀. Mask Clothes (ti aṣọ) pẹ̀lú Whites (slider ibi tó mọ́ jù) +10 máa ń dá a padà.

Owàńbẹ̀ alẹ́ tí wọ́n tan LED aláwọ̀ àlùkò ńkọ́? Ẹ wo histogram, àwòrán tó ń fi bí àwọ̀ kọ̀ọ̀kan ṣe mọ́lẹ̀ tó hàn. Bí búlúù bá ti lẹ̀ mọ́ ògiri ọwọ́ ọ̀tún tí pupa àti àwọ̀ ewé ṣì wà láàárín, àwọ̀ ti run nínú fáìlì. Adaptive ti dúdú àti funfun ló máa gbà yín níbẹ̀.

Ìṣòro tó pọ̀ jù ni ti fọ́tò tó gbọ́dọ̀ jọ ara wọn. Ẹ mú ẹbí tó wọ léèsì kan náà. Bí ẹ bá fi Ctrl+Shift+S (àṣẹ Sync) gbé profile láti orí fọ́tò kan sórí ọgbọ̀n, orúkọ profile nìkan ló gbé lọ. AI á tún ìṣírò ṣe lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ìyàwó tó wà nítòsí á mọ́ ju ìyàwó kan náà tó wà láàárín èrò lọ, léèsì náà á sì di oríṣi méjì nínú álíbọ́ọ̀mù. Match Total Exposures, àṣẹ tó ń mú kí ìmọ́lẹ̀ àwọn fọ́tò bára mu, kò lè yanjú ẹ̀, nítorí shutter, aperture àti ISO ló fi ń ṣírò. Kò mọ ohun tí AI ṣe. Ẹ lo Adobe Color fún gbogbo ọ̀wọ́ náà. Bí Adaptive bá sì wù yín dandan, ẹ fi Amount sí 50, ẹ ṣí Reference View, tó ń gbé fọ́tò méjì sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, pẹ̀lú Shift+R, kí ẹ fi ọwọ́ tún Exposure ṣe ní 0.10 sí 0.30.

Ó tún ń jẹ àkókò. Bí kọ̀ǹpútà bá lo ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta lórí fọ́tò kan, fọ́tò 1,200 ti di wákàtí kan nìyẹn, ó sì lè ju bẹ́ẹ̀ lọ lórí láptọ́ọ̀pù tí kò ní GPU (ẹ̀yà tó ń ṣiṣẹ́ àwòrán) tó lágbára. Ẹ ṣà wọ́n kẹ́ ẹ tó fi profile sí wọn. Bí NEPA bá mú iná lọ, láptọ́ọ̀pù tó ń lo bátìrì máa ń dín agbára GPU kù, ẹ dúró de jẹnẹrétọ̀.

Àdìrẹ tí ẹ fẹ́ tà lórí íntánẹ́ẹ̀tì ni mo máa bẹ̀ yín pé kẹ́ ẹ má fi Adaptive kàn rárá. Aṣọ tí wọ́n rì sínú aró lẹ́ẹ̀mẹ́fà dúdú ju èyí tí wọ́n rì lẹ́ẹ̀mejì lọ, owó wọn kò sì dọ́gba. AI máa ń gbé búlúù tó jinlẹ̀ sókè, àwọn méjèèjì á jọ ara wọn, oníbàárà á gba aṣọ tán, á ní ìyẹn kọ́ lòun rà. Ní Ìtòkú, ọjà àdìrẹ ní Abẹ́òkúta, ẹ wá ibòji tí kò sí agbòòrùn aláwọ̀ nítòsí, torí àwọ̀ agbòòrùn máa ń tàn sórí funfun tí ẹ̀kọ tí wọ́n fi ya ọnà fi sílẹ̀ lára aṣọ. Ẹ fi ColorChecker, káàdì aláwọ̀ 24 tí a fi ń mọ àwọ̀ gidi, sí ẹ̀gbẹ́ àdìrẹ, kí ẹ ya á pẹ̀lú ìmọ́lẹ̀ àti ètò kámẹ́rà tí ẹ máa fi ya ìyókù. Sọ́fíwéà rẹ̀ á ṣe profile DCP, ìyẹn profile àwọ̀ tó bá kámẹ́rà yín mu. Ẹ pa Lightroom, kí ẹ tún un ṣí, kí ẹ fi profile náà sí gbogbo wọn, kí ẹ sì mú white balance láti ara onígun eérú. Bí kò bá sí ColorChecker, ẹ lo profile Adobe Standard pẹ̀lú káàdì eérú. Bí oòrùn bá yí ipò padà tàbí ibòji sún, ẹ tún ya ColorChecker náà kẹ́ ẹ tó tẹ̀síwájú.