Oòrùn Wọ̀, Má Tíì Kó Kámẹ́rà

Ibi yòówù tí àwọn arìnrìnàjò bá ti pé jọ wo oòrùn tó ń wọ̀, ìbáà jẹ́ létí òkun tàbí lórí òkè, bí oòrùn bá ti rì tán báyìí, wọn á ti fóònù bọ àpò, ó di ilé. Bẹ́ẹ̀, ìgbà yẹn gan-an ni ojú ọ̀run ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ dára. Oòrùn tó ti wọlẹ̀ ṣì ń tan ìmọ́lẹ̀ sí abẹ́ àwọsánmà tó wà lókè réré. Ìmọ́lẹ̀ náà ti la afẹ́fẹ́ púpọ̀ kọjá kó tó débẹ̀, búlúù inú rẹ̀ ti fọ́n ká lọ́nà, pupa ló ṣẹ́kù. Bí àwọsánmà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bá wà lókè, pupa yẹn sábà máa ń le jù ní ìṣẹ́jú 10 sí 20 lẹ́yìn tí oòrùn wọ̀. Búlúù tó jinlẹ̀ á wá tẹ̀lé e, iná ilé àti iná títì á sì bá ojú ọ̀run dọ́gba.

Nítòsí ìlà agbedeméjì ayé, oòrùn ń já wálẹ̀ tààrà ni, gbogbo rẹ̀ kò sì fi bẹ́ẹ̀ ju ìdajì wákàtí lọ. Bí o bá lọ jìnnà sí àríwá tàbí gúúsù, á pẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa. Láti mọ iye àkókò tó kù kí oòrùn tó wọ̀, na apá rẹ tán, kí o to ìka rẹ ní ìbú sí àárín oòrùn àti ìpẹ̀kun ilẹ̀: ìka kan tó nǹkan bí ìṣẹ́jú 10 sí 15.

Ohun tó ń ba fọ́tò ìrọ̀lẹ́ jẹ́ jù ni pé a fi gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ fún ẹ̀rọ. Ẹ̀rọ rí pupa, ó rò pé àléébù ni, ó fọ̀ ọ́ nù. Gbé white balance (ètò tó ń pinnu bí àwọ̀ fọ́tò ṣe máa rí) sí Daylight, ìyẹn ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán, tàbí nọ́ńbà tó bá a mu, 5500K. Lórí fóònù, tẹ ojú ọ̀run mọ́lẹ̀ títí yóò fi dúró sójú kan, kí o wá dín ìmọ́lẹ̀ kù. Ibi tó bá ti funfun báláú kò ní àwọ̀ tí o lè fà jáde mọ́. Ibi tó ṣókùnkùn ṣì ṣeé tún ṣe. Lórí kámẹ́rà, bẹ̀rẹ̀ láti ISO 100 (bí kámẹ́rà ṣe ń gba ìmọ́lẹ̀ sára tó) àti f/8 (bí ojú lẹ́ǹsì ṣe ṣí tó), kí o wọn ìmọ́lẹ̀ lára ọ̀run tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ oòrùn, má wọn oòrùn fúnra rẹ̀. Bí shutter (ìlẹ̀kùn kámẹ́rà tó ń ṣí gba ìmọ́lẹ̀) bá lọ́ra ju 1/60 ìṣẹ́jú àáyá lọ pẹ̀lú lẹ́ǹsì 50mm, ọwọ́ á gbọ̀n ọ́n. Lo tripod (ẹsẹ̀ mẹ́ta tí a ń gbé kámẹ́rà lé), tàbí gbé e lé orí ògiri, kí o sì ṣètò rẹ̀ kó yà á lẹ́yìn ìṣẹ́jú àáyá méjì, nítorí ìka tó tẹ bọ́tìnì náà ń mì í.

Bí ènìyàn bá wà níwájú ọ̀run, bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ títí orí àti ọwọ́ wọn yóò fi yọ kọjá ìpẹ̀kun ilẹ̀. Dúró kí ẹsẹ̀ wọn yà, kí àyè wà láàárín ẹnì kan àti èkejì, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ gbogbo wọn á di òkìtì dúdú kan.

Níbi ọdún, kọ́kọ́ béèrè ohun tí wọn kì í jẹ́ kí àlejò yà. Oníjó tó ń fò nílò shutter 1/500. Bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, gbé ISO sí 1600 tàbí 3200, ojú fọ́tò á rí wínníwínní díẹ̀, àmọ́ ó sàn ju èyí tó mì lọ. Fún iná aláràbarà tí wọ́n ń yìn sókè, ISO 100, f/8 sí f/11, ìṣẹ́jú àáyá 2 sí 4 lórí tripod. Kẹ́yìn sí ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́ wá, kí o sì tètè yà á: èéfín máa ń bo iná tí wọ́n bá yìn kẹ́yìn.

Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, eruku ń pa àwọ̀ ọ̀run, ṣùgbọ́n ó ń sọ oòrùn di àwo pupa roboto. Lẹ́ǹsì 200mm, tó ń fa ohun tó jìnnà súnmọ́, ló yẹ ẹ́. Ìrọ̀lẹ́ tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá ni mo fẹ́ràn jù, torí òjò ti fọ afẹ́fẹ́ mọ́, adágún omi ojú ọ̀nà sì ń ṣe dígí. Bí o bá ti inú yàrá tútù jáde sínú ooru, fi kámẹ́rà sínú báàgì fún bí ìdajì wákàtí, kí ìkùukùu má bo lẹ́ǹsì. Nínú yìnyín, fi ìmọ́lẹ̀ kún un ní +1 sí +2 lórí ètò ìmọ́lẹ̀ kámẹ́rà, torí ẹ̀rọ máa ń sọ funfun di eérú. Bátìrì kejì, àpò inú ni kó wà, òtútù ń tètè pa á.

Bí òṣùpá bá ń lọ kún, ọjọ́ tó ṣáájú ni kí o jáde. Á yọ kí oòrùn tó wọ̀, ilẹ̀ á ṣì mọ́lẹ̀, fọ́tò kan á sì gba ilẹ̀ àti òṣùpá pọ̀. Bí o bá dúró di ọjọ́ tó kún gan-an, ilẹ̀ á ti ń ṣú kó tó gòkè, ihò funfun lásán ni wàá rí.