Kí ẹ tó fi páwà sítíárìn sí Land Cruiser àtijọ́: ẹ̀kọ́ tí mo kọ́

Ọkọ̀ bàbá mi ni, Land Cruiser FJ40 tí wọ́n ṣe ní ọdún 1976. Òun ni wọ́n fi ń kó iṣu láti oko wa lẹ́bàá Òmù-Àrán wá sí Ìlọrin. Nígbà tó bọ́ sí mi lọ́wọ́, èjìká mi ló kọ́kọ́ sọ fún mi pé kò ní páwà, ẹ̀rọ tó ń fi agbára ọ́ìlì ran ọwọ́ lọ́wọ́ láti yí sítíárìn. Ẹni tó bá ti wà á wọ inú Ọjà Ìpàtà rí yóò mọ ohun tí mò ń wí. Bàbá máa ń kìlọ̀ fún mi pé n kò gbọdọ̀ yí sítíárìn nígbà tí táyà bá dúró gbagidi. Kí n jẹ́ kí ọkọ̀ rìn díẹ̀ ná, kí n tó fà á.

Bí ẹ bá fẹ́ fi páwà sí irú ọkọ̀ yìí, ẹ má rà á ní ìdajì-ìdajì. Ẹ wá èyí tí ilé-iṣẹ́ fúnra rẹ̀ ṣe, kí gbogbo rẹ̀ sì pé.

Èmi ò tètè mọ̀ bẹ́ẹ̀. Bọ́kísì sítíárìn, àpótí irin tó ń gbé yíyí sítíárìn dé ọ̀dọ̀ táyà, ni àwọn mẹkáníìkì bá mi wá láti ara ọkọ̀ mìíràn tí wọ́n tú, wọ́n jó o mọ́ ṣáásì, ìyẹn egungun irin abẹ́ ọkọ̀, tààrà, wọ́n sì wá pọ́ǹpù tó ń ti ọ́ìlì sí i láti ibòmíràn. Ọwọ́ mi fúyẹ́, mo dúpẹ́. Lóṣù kẹta, lójú ọ̀nà Ajàṣẹ́-Ìpo, mo rí i pé bí mo bá yí sítíárìn, ọkọ̀ á lọ́ra díẹ̀ kó tó gbọ́. Mo dúró sẹ́bàá títì, mo dùbúlẹ̀ sábẹ́ rẹ̀. Ìlà tín-ín-rín kan, tó pọ́n bí ìpẹtà, ti yí ibi tí wọ́n jó ká. Ṣáásì ti ń là. Àyà mi já, torí àwọn ọmọ mi méjèèjì wà lẹ́yìn lọ́jọ́ náà.

Agbára tí páwà fi ń ràn wá lọ́wọ́ kì í lọ lásán. Bí ọ́ìlì ṣe ń ti táyà, bẹ́ẹ̀ ni bọ́kísì ń ti ṣáásì padà. Irin ibẹ̀ nílò àwo tó nípọn láti gbà á mú, kí bóòtù sì gba inú rẹ̀ kọjá.

Ní Amẹ́ríkà, ọdún 1979 ni Toyota bẹ̀rẹ̀ sí í ta FJ40 pẹ̀lú páwà tí oníbàárà lè sanwó kún. Nítorí náà, bí ẹnì kan bá sọ fún yín pé páwà bá FJ40 ọdún 1976 jáde láti ilé-iṣẹ́, ẹ wo abẹ́ rẹ̀ dáadáa kí ẹ tó sanwó.

FJ60, Land Cruiser mìíràn tó ní páwà, ló gbà mí. Ó jáde ní 1980, pẹ̀lú ẹ́ńjìnnì 2F onísìlíńdà mẹ́fà, irú èyí tó wà nínú tèmi gan-an. Ìdí nìyí tí irin tó gbé pọ́ǹpù àti púlì rẹ̀ fi bá tèmi mu. Níbi tí wọ́n ti ń ta tòkunbọ̀, ẹni tó ń tà á fẹ́ yọ bọ́kísì nìkan fún mi. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, Alfa, ẹ fi pọ́ǹpù, irin tó gbé e, púlì, hósì méjèèjì àti apá ìdí bọ́kísì kún un." Wọ́n ní owó rẹ̀ á ga. Mo san án.

Àmọ́ kí ẹ tó ná kọ́bọ̀ rárá, ẹ fi jáàkì gbé iwájú ọkọ̀ sókè, kí ẹ fọwọ́ yí táyà. Bó bá ṣì le, bíárìn orí ẹsẹ̀ táyà tàbí tie rod (ọ̀pá tó so táyà iwájú méjèèjì pọ̀) tí gírísì ti gbẹ nínú rẹ̀ ló ń dà yín láàmú, páwà á kàn bò ó mọ́lẹ̀ ni. Nígbà tí mo fún tèmi ní gírísì, ó fúyẹ́ débi pé mo kábàámọ̀ ọdún méjì tí mo ti fi ń jìyà.

Bí ẹ bá da ọ́ìlì sí i, ẹ má tíì sáná sí ẹ́ńjìnnì. Táyà iwájú ṣì wà lókè. Ẹ yí sítíárìn lọ ká ọ̀tún àti òsì, léraléra, kí afẹ́fẹ́ lè jáde, kí ẹ sì máa da ọ́ìlì kún un. Bó bá ń hó bí ọṣẹ, afẹ́fẹ́ ṣì wà nínú rẹ̀. Ẹ má sì di sítíárìn mú pinpin níbi tó bá yí dé òpin. Igbe tí pọ́ǹpù ń ké nígbà náà, ẹ̀bẹ̀ ló ń bẹ̀ yín.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, àbúrò mi obìnrin wà á lọ sí Òkè-Onígbìn, iṣu kún ẹ̀yìn rẹ̀. Nígbà ayé bàbá, kò lè yí sítíárìn yẹn dé ìdajì. Nígbà tó padà dé, mo bẹ̀rẹ̀ wo ilẹ̀ abẹ́ ọkọ̀. Iyanrìn gbẹ, ọ́ìlì kankan kò kán sí i.