Ewé dára, àmọ́ níbo ni fọ́ńgọ́ọ̀sì náà wà?

Ìbéèrè tí àwọn olùsìn adìyẹ ń bi mí jù nìyí: ewé wo ni mo lè lò fún adìyẹ tí fọ́ńgọ́ọ̀sì ń bá jà, kí n má baà lo oògùn? Èmi náà á bi wọ́n padà pé, níbo lára rẹ̀ ni fọ́ńgọ́ọ̀sì ọ̀hún wà? Àwọn míì máa ń bínú, wọ́n á ní mò ń yẹ ìdáhùn sílẹ̀. Àmọ́ bí mi ò bá mọ ibi tó wà, kí ni mo fẹ́ sọ?

Ẹ jẹ́ ká mú ti ẹ̀dọ̀fóró, torí òun ló ń kó òròmọdìyẹ lọ jù. Fọ́ńgọ́ọ̀sì tó ń jẹ́ Aspergillus fumigatus ló sábà máa ń fà á. Orí eérún igi tó tutù àti fíìdì tó ti bu ló ti ń hù. Bí ibẹ̀ bá gbẹ, tí adìyẹ sì ń fẹsẹ̀ ta á, irúgbìn rẹ̀ á gbéra sínú afẹ́fẹ́. Irúgbìn náà ò ju bíi máíkírómítà 2 sí 3 lọ, imú ò lè dá a dúró, ó di inú ẹ̀dọ̀fóró àti àwọn àpò afẹ́fẹ́ tí ẹyẹ ní. Ara adìyẹ máa ń gbóná ju 40°C lọ, ìyẹn ò sì ṣe fumigatus ní nǹkan kan, torí ó ń hù dáadáa níbi tó gbóná jù bẹ́ẹ̀ lọ. Òròmọdìyẹ á wá máa la ẹnu mí gúlegúle. Bí ó bá kú tí ẹ là á, ẹ lè rí kókó funfun tàbí aláwọ̀ ìyeyè nínú ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀.

Ẹ sọ fún mi, báwo ni omi aáyù ṣe fẹ́ dé ibẹ̀? Inú ìfun ni omi ń lọ. Oògùn ilé ìwòsàn gan-an kì í fi bẹ́ẹ̀ ràn án tó bá ti wọ agbo. Àwọn kan ń da òróró kànáfùrù sínú omi gbígbóná kí òórùn rẹ̀ lè kún ilé adìyẹ. Èmi ò fara mọ́ ọn rárá. Ọ̀nà èémí ẹyẹ ò fẹ́ ohun tó ta, pàápàá èyí tó ti ń ṣàìsàn tẹ́lẹ̀. Ẹ ya èyí tó ń ṣàìsàn sọ́tọ̀, ẹ kó eérún igi náà dànù, ẹ jẹ́ kí afẹ́fẹ́ wọlé.

Ti àpò tó wà lọ́rùn adìyẹ, níbi tí oúnjẹ máa ń kọ́kọ́ dúró sí, yàtọ̀. Candida albicans ló máa ń ṣe ibẹ̀, ó sì wọ́pọ̀ lẹ́yìn tí wọ́n bá ti fún adìyẹ ní áńtíbáyọ́tíìkì fún ìgbà pípẹ́. Inú àpò náà á nípọn, á ní ìpele funfun bíi wàrà tó dì. Níbí, ohun tí adìyẹ gbé mì á kan fọ́ńgọ́ọ̀sì náà ní tààrà, ìdí nìyẹn tí mo fi gbà pé ewé lè ní ipa. Nínú yàrá àyẹ̀wò, eugenol inú kànáfùrù, thymol inú táìmù àti carvacrol inú oregano máa ń ba awọ tó yí sẹ́ẹ̀lì Candida ká jẹ́. Efinrin ńlá náà ní eugenol tàbí thymol, ó sinmi lórí irú èyí tí ẹ gbìn, nítorí náà efinrin tèmi àti tiyín lè má ṣiṣẹ́ bákan náà.

Ẹ má sì se aáyù o! Allicin tó ń pa fọ́ńgọ́ọ̀sì, ìgbà tí ẹ bá gún aáyù tútù ló ń jáde, iná á sì ba èyí tó ń mú un jáde jẹ́. Ní ti òróró, kì í pò mọ́ omi. Á dá dúró lọ́tọ̀, adìyẹ tó bá ṣe kòńgẹ́ rẹ̀ á mu èyí tó le, àwọn yòókù á mu omi lásán. Bó bá jẹ́ pé áńtíbáyọ́tíìkì ló fà á, ẹ bá dókítà ẹran sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀ ná, kí ẹ sì fọ abọ́ omi wọn dáadáa.

Ti ogbe orí tó ń funfun bí ẹni pé wọ́n da ìyẹ̀fun sí i kò le tó bẹ́ẹ̀. Ẹ ya adìyẹ náà sọ́tọ̀, kí ẹ sì fi ìpara tí dókítà bá fọwọ́ sí pa á.

Ẹ̀rù fíìdì ló ń bà mí jù. Mo ti rí ẹni tó po kànáfùrù mọ́ fíìdì tó ti bu, ó ní òórùn burúkú rẹ̀ ti lọ. Òórùn lọ lóòótọ́. Àmọ́ aflatoxin, ìyẹn májèlé tí fọ́ńgọ́ọ̀sì Aspergillus flavus ti tú sínú rẹ̀, ṣì wà níbẹ̀ digbí, kódà bí fọ́ńgọ́ọ̀sì fúnra rẹ̀ bá kú. Òórùn yẹn gan-an ni ì bá kìlọ̀ fún un.

Mi ò kórìíra ewé o. Mo mọ̀ pé fumigatus kan wà tí àwọn oògùn apafọ́ńgọ́ọ̀sì tí wọ́n ń pè ní azole ò ràn mọ́, àti pé azole tí wọ́n ń fín sí oko wà lára ohun tó fà á. A nílò ohun míì lóòótọ́. Ṣùgbọ́n bí adìyẹ yín bá ń mí gúlegúle, ẹ jẹ́ kí dókítà ẹran wò ó kí ẹ tó gún ohunkóhun, torí àrùn Newcastle náà máa ń jẹ́ kó mí bẹ́ẹ̀, kì í sì í ṣe fọ́ńgọ́ọ̀sì.